Bóòtù Tó Ń Yí Lásán

Kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ àkókò yẹn. Ó ti ń fún bóòtù bọ̀, bóòtù ń le, iṣan apá ti ń yọ, lójijì ni gbogbo rẹ̀ dẹ̀ wọ̀ọ̀. Bóòtù kò kán, sípánà kò yọ̀ kúrò lórí rẹ̀; tírẹ́ẹ̀dì inú ihò ló já. Láti ìṣẹ́jú náà, bó yí i síwájú, á yí. Bó yí i sẹ́yìn, á yí. Kò ní í mú nǹkan kan mọ́. Ohun tó bá ṣe lẹ́yìn èyí ló máa sọ bóyá ọkọ̀ náà yóò tún lo ọdún márùn-ún sí i lójú títì, tàbí okùn ni wọn yóò fi wọ́ ọ padà wá kí oṣù tó parí.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti láwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Òkè-Ìlá títí dé Ọ̀rà, gọ́ọ̀mù ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀. Gọ́ọ̀mù oníke méjì, èyí tí wọ́n ń po pọ̀ kó tó le, ni wọn yóò rọ́ sínú ihò, wọn yóò ti bóòtù bọ̀ ọ́, wọn yóò sì ní kí onímọ́tò lọ jẹun kó padà wá. Bí kì í bá ṣe gọ́ọ̀mù, a jẹ́ bóòtù tó tóbi ju ihò lọ, tí wọ́n á fi tipátipá wọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá burú jáì, wọn á ní kí onímọ́tò máa wá owó ẹ́ńjìnì mìíràn, ìyẹn ni pé kó múra ìrìn àjò sí Ládípọ̀ ní Múṣin, tàbí kó tẹ ẹni tó mọ ẹni tó ń tà á níbẹ̀ láago.

Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ihò kan tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ.

Àtúnṣe tó péye wà fún tírẹ́ẹ̀dì tó já, ó sì ti wà láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kò gba ilé iṣẹ́ ńlá, kò sì gba iná mànàmáná púpọ̀. Ohun tó gbà ni àpótí irinṣẹ́ kan, ọwọ́ tó ti kọ́ ọ, àti oníbàárà tó gbà láti sanwó iṣẹ́. Ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní Ìlá, kó má jẹ́ pé Òṣogbo tàbí Ìlọrin nìkan ni ènìyàn ti lè rí wọn.

Ìdí tí ọ̀ràn yìí fi pọ̀ lóde òní kò ṣòroó rí. Bedford tí wọ́n fi ń ṣe bọ̀lẹ̀kájà nígbà kan, irin ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ènìyàn lè fún bóòtù rẹ̀ títí, bóòtù ló sábà máa ń kán kí ihò tó já. Nígbà tó fi máa di 1975, tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Òjó l'Ékòó, tí Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, nǹkan ti ń yí padà. Alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù sílíńdà Pijó 504, ó jókòó lórí bulọ́ọ̀kù irin. Ti Volkswagen Ìjàpá ló le jù: magnesium, tó fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù pàápàá lọ, ni wọ́n fi ṣe àpótí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Àwọn irin gígùn tó di tọ́ọ̀pù sílíńdà mú a máa fà tu kúrò lára rẹ̀ bí ooru bá ti ń pọ̀ jù. Láàárín àwọn ọdún 1970, Volkswagen fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi búṣì irin sínú àwọn ihò wọ̀nyẹn kí ọkọ̀ tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Àgbà mẹkáníìkì tó bá fi Ìjàpá kọ́ṣẹ́ yóò rántí.

Lónìí, alumíníọ̀mù ló gba ìgboro. Corolla, Camry, Sienna, Micra tó ń ná Òṣogbo: tọ́ọ̀pù sílíńdà àti bulọ́ọ̀kù ọ̀pọ̀ wọn, alumíníọ̀mù ni méjèèjì. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lọ, ọkọ̀ a máa fúyẹ́, epo a sì dín kù. Àǹfààní ni fún ẹni tó ń ra epo. Fún ẹni tó ń di sípánà mú, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ látọjọ́ tó ti ń tún ẹ́ńjìnì onírin ṣe kò bá a mu mọ́.

Ẹ mú Camry tí wọ́n ṣe láàárín 2002 sí 2006, èyí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Big Daddy. Ẹ́ńjìnì èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin, lítà 2.4, ni Toyota pè ní 2AZ-FE. Ẹ́ńjìnì tó lágbára ni, kì í sì í mu epo jù, abájọ tó fi kún ojú títì. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ní Amẹ́ríkà ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bóòtù mẹ́wàá ló di tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ mọ́ bulọ́ọ̀kù, tírẹ́ẹ̀dì tí wọ́n sì gé sínú bulọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù yẹn kò gùn tó. Bí ẹ́ńjìnì ti ń gbóná tó sì ń tutù lọ́dọọdún, tírẹ́ẹ̀dì á máa fà tu díẹ̀díẹ̀, pàápàá àwọn ti ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnì ti kọjú sí irin pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín rẹ̀ àti awakọ̀. Ojú kì í tètè débẹ̀, ọwọ́ náà kì í tètè débẹ̀.

Àmì rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Omi rédíétọ̀ á máa dín kù, ẹnikẹ́ni kò ní í rí ibi tó ń jò sí. Ọkọ̀ á dúró dáadáa ní ìgboro Ìlá, àmọ́ bó bá gun òkè lọ sí Òkè-Ìlá pẹ̀lú ẹrù, atọ́ka ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Onímọ́tò á bu omi sí i, á tún máa lọ. Nígbà tó bá yá, wọn á ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Wọn á ra gásíkẹ́ẹ̀tì, wọn á gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kó lè tẹ́jú, wọn á dè é padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ohun kan náà. Wọ́n fi ète sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bóòtù tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni kò rí nǹkan dì mú.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ nígbà tó ń tú u yóò rí ẹ̀rí. Àwọn bóòtù iwájú á ṣagídí, wọn á ké gbì kí wọ́n tó gbà. Ọ̀kan lára àwọn ti ẹ̀yìn á kàn jáde wọ́rọ́wọ́. Lára tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, alumíníọ̀mù yóò ti wé mọ́ ọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń dán. Tírẹ́ẹ̀dì bulọ́ọ̀kù nìyẹn. Ó ti kúrò níbi tí wọ́n gé e sí, ó bá bóòtù jáde. Ọmọ iṣẹ́ tí wọn kò bá là lójú á fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha á dànù, á fi epo bẹntiróòlù fọ bóòtù náà títí á fi mọ́ tónítóní, á sì tò ó ti àwọn yòókù. Ọ̀gá dé, ó rí bóòtù mẹ́wàá tó mọ́, ó yìn ín.

Toyota náà rí àléébù yìí, wọ́n sì jẹ́ kí tírẹ́ẹ̀dì gùn sí i nínú àwọn tó ṣe lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n àwọn ti àkọ́kọ́ ti wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bíi tòkúnbọ̀, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ojútùú tó gbilẹ̀ fún wọn ní Amẹ́ríkà ni búṣì irin tí ilé iṣẹ́ Time-Sert ń ṣe fún bóòtù M11 yìí gan-an, ìyẹn bóòtù tó nípọn tó mìlímítà 11. Wọ́n á fi dírílì fẹ ihò náà, wọ́n á gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, wọ́n á yí búṣì wọlé. Bóòtù á wá máa di irin mú dípò alumíníọ̀mù. Ẹni tó bá gbọ́n á ṣe ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, kò ní í dúró de ìgbà tí ìyókù bá já. Ẹ́ńjìnì tí wọn ì bá tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ni wọ́n ń gbà là báyẹn.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú tírẹ́ẹ̀dì tó ń já ní Ìlá, Toyota kọ́ ló ń já a. Ọwọ́ ènìyàn ni.

Ìgbàgbọ́ kan ti wọ iṣẹ́ yìí lára pé bóòtù tó le jù ló dára jù. Ọ̀gá á ní kí ọmọ iṣẹ́ fún un dáadáa. Ọmọ iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n bú òun á wá páìpù ti bọ ìdí sípánà, á fi gbogbo ara lé e. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí, àfi nígbà tí sípánà bá wà lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Bóòtù M12 tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì Corolla 2003 nù lábẹ́ sọ́ǹpù, 37 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù, ni ìwé Toyota ní kí a fún un dé. Bí sípánà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ìwúwo kílò 15 ní ìdí rẹ̀ ti tó. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gbà, kò gba pé kí ènìyàn lanu. Bí ọmọ iṣẹ́ yẹn bá ti páìpù gígùn mítà kan bọ̀ ọ́, tó sì lo kílò 15 kan náà, ó ti di nǹkan bí 147 Nm, ìlọ́po mẹ́rin. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe ohunkóhun, nítorí apá rẹ̀ kò ro ó.

Bóòtù kì í ṣe ìṣó. Nígbà tí a bá fún un, ńṣe ló ń nà, bí rọ́bà tí ọlọ́kadà fi ń so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn; bó ṣe ń fẹ́ súnkì padà ló fi ń di nǹkan méjì pọ̀. Nínú gbogbo agbára tí ọwọ́ ń lò, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń di nínà yìí. Ìyókù ń ṣègbé síbi tí irin ti ń ha irin, lábẹ́ orí bóòtù àti nínú tírẹ́ẹ̀dì. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì díẹ̀ lára bóòtù fi lè sọ agbára tó wà níwọ̀n di àpọ̀jù: híha ti dín kù, nínà ti pọ̀ sí i, ọwọ́ kò sì mọ ìyàtọ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ojú kì í rí. Tírẹ́ẹ̀dì kì í pín ẹrù dọ́gba. Àkọ́kọ́, èyí tó sún mọ́ orí bóòtù jù lọ, ló ń gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bó bá já, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí èkejì, èkejì náà á já, ló fi jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ máa ń dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bóòtù tí kì í ṣe ti ibẹ̀ náà ń ba ihò jẹ́. Nínú agolo bóòtù tó wà lábẹ́ tábìlì mẹkáníìkì, M12 mẹ́ta lè wà: ọ̀kan jẹ́ 1.25, ọ̀kan 1.5, ọ̀kan 1.75. Wọ́n sanra dọ́gba, àlàfo àárín tírẹ́ẹ̀dì wọn ni kò dọ́gba. Ti Toyota lábẹ́ sọ́ǹpù jẹ́ 1.25. Bí bóòtù 1.75 bá débẹ̀, yóò wọlé díẹ̀, yóò ṣagídí, bí ẹni tó mú un bá sì fi agbára tì í, yóò gé ọ̀nà tirẹ̀ gba inú alumíníọ̀mù lọ. Bí gbogbo ayé ti rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́kúṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní England ń gé tírẹ́ẹ̀dì tó wù ú, títí Joseph Whitworth fi dábàá ní 1841 pé kí gbogbo wọn lo ìwọ̀n kan, oníigun digirí 55. Ní 1864, William Sellers gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní Philadelphia fún Amẹ́ríkà, digirí 60. Bedford gbé íǹṣì wá sí ilẹ̀ wa, Pijó gbé mìlímítà wá, agolo bóòtù sì gba gbogbo wọn láì béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Irin pẹlẹbẹ eléyín tí wọ́n fi ń wọn tírẹ́ẹ̀dì kò wọ́n, inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Ó yẹ kó wọ́pọ̀ ju bó ṣe wà lọ.

Báwo wá ni àtúnṣe gidi ṣe ń lọ? Ká ní ihò bóòtù M8 ló já, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìnì. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fọ ihò náà kí ọ́ìlì má ṣe kù sí i. Dírílì tó jẹ́ mìlímítà 8.3 ni wọ́n á fi fẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà: dírílì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Bó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóòtù á tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, orí rẹ̀ kò sì ní í jókòó dáadáa láéláé. Lẹ́yìn náà ni táàpù, irin eléyín tó ń gé tírẹ́ẹ̀dì. Táàpù tó bá àpótí náà wá ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, kì í ṣe M8 lásán, nítorí tírẹ́ẹ̀dì tuntun yìí tóbi ju ti bóòtù lọ. Wọ́n á fi gírísì kun ún kí èérún alumíníọ̀mù lè lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á yí i síwájú díẹ̀, wọ́n á yí i padà kí èérún já, wọ́n á tún yí i síwájú. Ẹni tó bá ń kánjú níhìn-ín, táàpù á kán sínú ihò, táàpù tó kán sì le débi pé dírílì lásán kò ní í ràn án. Ó di ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nígbà náà ni wáyà Helicoil máa wọlé. Wáyà irin tí kì í dípẹtà ni, wọ́n lọ́ ọ róbótó léraléra, inú rẹ̀ jẹ́ tírẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn rẹ̀ náà jẹ́ tírẹ́ẹ̀dì. Ó fi díẹ̀ tóbi ju ihò tí wọ́n gé fún un lọ, nítorí náà, irinṣẹ́ tó ń gbé e wọlé ló máa ń fún un pọ̀. Bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀, á nà mọ́ ara ihò, kò ní í kúrò mọ́. Wọ́n á yí i títí yóò fi wọlé tán, tí ẹnu rẹ̀ á rì díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú irin. Ìrù kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ń yí i. Wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú já, wọ́n á sì yọ ọ́ jáde. Bóòtù M8 tó wà níbẹ̀ látilẹ̀wá ló máa padà síbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ lórí bóòtù tó tóbi jù nìyẹn: ihò ojú ìderí kò yí padà, sípánà kò yí padà, mẹkáníìkì tó máa tú u ní ọdún mẹ́wàá sí i kò ní í bú ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ́tò kan wà tí kò fẹ́ gbọ́ èyí sétí. Wọ́n ní àtamọ́ ni, pé ohun tí wọ́n ti tún ṣe kò lè dà bíi tuntun. Kí wọ́n wo ọkọ̀ òfuurufú. Tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ́ńjìnì Lycoming tó ń gbé Cessna 172 lójú ọ̀run, alumíníọ̀mù ni, wáyà Helicoil sì wà nínú ihò plọ́ọ̀gì rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì jẹ́ tuntun. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé wọn yóò máa tú plọ́ọ̀gì yẹn léraléra, pé alumíníọ̀mù kò ní í fara dà á. Irin nínú alumíníọ̀mù lágbára ju alumíníọ̀mù nìkan lọ, torí ẹrù bóòtù ti bọ́ sórí ihò tó fẹ̀ sí i. Bí àwọn tí kò lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹ́ńjìnì bá kú bá fọkàn tán an, onímọ́tò tó ń ná Ìlá sí Ìkìrun lè fọkàn tán an. Ford, ní tirẹ̀, fi tírẹ́ẹ̀dì péńpé sílẹ̀ nínú ihò plọ́ọ̀gì àwọn ẹ́ńjìnì V8 lítà 4.6 àti 5.4 kan ní ìparí àwọn ọdún 1990. Plọ́ọ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde bí ìbọn ní àárín ọ̀nà, búṣì irin náà ni wọ́n sì fi wo àìsàn yẹn sàn.

Ọ̀rọ̀ plọ́ọ̀gì yìí kan ẹni tí kò ní mọ́tò pẹ̀lú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Ọ̀kadà tó ń ru kòkó àti ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, bákan náà. Iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti tàn, onílé á sáré tú plọ́ọ̀gì rẹ̀ nígbà tó ṣì ń jóni lọ́wọ́, á nù ún, á sì fi sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà nínú òkùnkùn. Plọ́ọ̀gì á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ihò ti bà jẹ́ nìyẹn, owó jẹnẹrétọ̀ tuntun ló kù. Ọgbọ́n kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: kí a ti rọ́bà páìpù epo kékeré bọ orí plọ́ọ̀gì, kí a sì fi rọ́bà náà yí i wọlé. Bó bá tọ́, á yí lọ geere. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, rọ́bà ló máa yọ̀, ihò kò ní í gbọgbẹ́. Sípánà kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ títí yóò fi ku díẹ̀ kó le.

Kí wá ló dé tí gọ́ọ̀mù fi borí? Owó ni. Onímọ́tò á sanwó páàtì láì janpata, nítorí ó rí páàtì. Bó bá kan owó iṣẹ́, á ná an títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mẹkáníìkì tó bá lo ìdajì ọjọ́ lórí ihò kan, kí ni yóò fi hàn án? Wáyà róbótó kan tó ti wọnú irin, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí mọ́. Gọ́ọ̀mù kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kéré, ọkọ̀ á sì kúrò níwájú ilé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó níbi tó wúlò sí, lóòótọ́: ìderí kékeré tí kò di ẹrù kan mú, tí kò sì súnmọ́ iná, gọ́ọ̀mù lè gbé e. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbóná tó 100°C, ẹ̀gbẹ́ ihò plọ́ọ̀gì sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ a máa rọ̀ nínú ooru yẹn. Onímọ́tò tó fi owó iṣẹ́ ṣahun ní Ọjọ́ Ajé, òun kan náà ló máa ra ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ihò ló ṣeé gbà là. Bí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti sán, tàbí tí kò nípọn tó láti fẹ̀, tàbí tí ẹnì kan ti fi dírílì wọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó mọ alumíníọ̀mù jó àti ẹni tó ní maṣíìnì léètì, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ páàtì náà. Mẹkáníìkì tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kò dalẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdíwọ́ kejì ni ìtìjú. Ẹni tó ti gba fríídọ̀mù láti ogún ọdún, tó ti ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀, kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òun. Ìlá ló sì yẹ kó kẹ́yìn nínú irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ọmọ Ìlá ni, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Ó ti mọ igi gbẹ́ nílé baba rẹ̀ kó tó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ìparí àwọn ọdún 1940, níbi tí Fáda Kevin Carroll ti ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun lábẹ́ Bámidélé Arówóògùn, ó sì lo ọdún mẹ́ta. Nígbà tó kú ní 2009, kò sí ẹni tó ń rántí ọdún mẹ́ta yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gàn.

Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Mẹkáníìkì kan ṣoṣo kò lè ra gbogbo irinṣẹ́ yìí kó sì rí èrè rẹ̀, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni tírẹ́ẹ̀dì ń já níwájú ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ lè rà á. Àpótí kan, tí M6, M8, M10 àti M12 wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú M14 tó wà fún ihò plọ́ọ̀gì; irin tó ń wọn tírẹ́ẹ̀dì; àti sípánà oníwọ̀n méjì, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá, irú èyí tó máa ń dún kẹ́ nígbà tí agbára bá pé. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó á san owó díẹ̀, owó náà ni wọ́n á fi máa ra wáyà tuntun. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, NADDC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 lábẹ́ orúkọ mìíràn, ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹkáníìkì lára iṣẹ́ rẹ̀; ẹgbẹ́ lè kọ̀wé sí i pé kó rán olùkọ́ wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ wà ní Ìlá, yàrá kò ní í wọ́n. Tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti bà jẹ́ tí wọ́n lè fi kọ́ṣẹ́ kò sì wọ́n rárá; ó wà lẹ́yìn ilé mẹkáníìkì gbogbo.

Ìjà tó máa ṣẹlẹ̀ ni ti kọ́kọ́rọ́: ta ni yóò máa mú àpótí náà sọ́wọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí táàpù bá kán lọ́wọ́ ẹnì kan. Kí wọ́n jà á tán kí wọ́n tó rà á. Bí owó kò bá sì tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ ra M6, M8 àti ti plọ́ọ̀gì, àwọn wọ̀nyí ló máa rí iṣẹ́ ṣe jù. Búṣì M11 ti Camry lè dúró títí Big Daddy àkọ́kọ́ tó nílò rẹ̀ yóò fi dé, kí ẹni tó ni ín sì san ìdajì owó rẹ̀.